Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ewé nígbà tí a bá ń dán an wò fún ẹ̀dọ̀

Àwọn tó ń wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ní Abẹ́òkúta sábà máa ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni ewúro, orógbó tàbí ẹ̀yìn olobe ń fọ ẹ̀dọ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti dán wọn wò. A ti dán wọn wò lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń dáhùn kò fẹ̀ tó èyí tí wọ́n ń béèrè.

Eku funfun ni a ń pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan á jẹun lásán, òmíràn á gba májèlé nìkan, àwọn kan á gba májèlé pẹ̀lú oje ewé náà, díẹ̀ tàbí púpọ̀, a ó sì tún ní ọ̀wọ́ tí yóò mu ewé nìkan, nítorí ewé fúnra rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Májèlé tó wọ́pọ̀ jù tí a fi ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ ni carbon tetrachloride, kẹ́míkà olómi kan, tàbí àpọ̀jù parasitámọ̀.

Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá fọ́, àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ (èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá) tí à ń pè ní ALT àti AST, á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni a ti ń wọ̀n wọ́n. Iṣẹ́ sùúrù ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi agbára fa ẹ̀jẹ̀ náà, sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́, omi tó yẹ kó mọ́ gaara lókè ẹ̀jẹ̀ á pọ́n, AST ti sẹ́ẹ̀lì pupa á dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀dọ̀, èsì á sì parọ́. Nítorí náà, n kì í gba èsì ẹ̀jẹ̀ nìkan gbọ́ láìrí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀: èyí tó dá pé máa ń pọ́n dúdú, ó sì máa ń dán, ṣùgbọ́n èyí tí carbon tetrachloride bá kọlù á ṣì, ọ̀rá á sì kún inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni àsìkò tí eku mu ewé náà. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú májèlé ni. Bẹ́ẹ̀ carbon tetrachloride kì í ṣọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń jó sẹ́ẹ̀lì. Ewé tó bá kàn dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́ á dà bí olùgbàlà. Ààbò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ májèlé yẹn ni; kòkòrò hepatitis B, tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀, kò nílò ẹ́ńsáìmù náà láti ṣe iṣẹ́ ibi tirẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn olobe, ewé wẹ́wẹ́ tí èso rẹ̀ tò sí abẹ́ ewé. Ní ọdún 1988, àwọn oníṣègùn ní Íńdíà jábọ̀ pé nínú èèyàn 37 tó ní hepatitis B tí wọ́n fún ní ìyẹ̀fun rẹ̀, àmì kòkòrò náà pòórá lára 22, nígbà tí ó pòórá lára ẹyọ ẹnì kan péré nínú 23 tó gba oògùn àfarawé, èyí tí kò ní oògùn kankan nínú. Ìròyìn ayọ̀ ńlá ni. Nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò níbòmíràn, wọn kò rí irú rẹ̀.

Ti ìwọ̀n oje tí a ń fún eku náà wà níbẹ̀. Mílígíráàmù 500 fún kílò eku kan, bí a bá fi ìṣirò tí a sábà ń lò yí i sí ti èèyàn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 5 oje gbígbẹ fún ẹni kílò 60. Ife ewúro tí a fọwọ́ fún kì í ṣe òun. Èyí tí wọ́n sì rẹ sínú ògógóró tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọtí inú rẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀ náà jẹ́.

Ó ku parasitámọ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju gíráàmù 4, ìyẹn hóró 8 ti mílígíráàmù 500, lọ lójúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ọ̀pọ̀ mì, ẹ má ṣe gún ewé kankan fún un: oògùn acetylcysteine wà ní ìṣègùn òyìnbó, láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá ṣì dá ṣáṣá.