Ta Ni Yóò Dúró fún Un? Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìdájọ́ Iṣẹ́ Ìlú

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n pè mí láti ọjà Kúbwà, ní Àbújá níbí, pé ọmọ wa kan ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ọmọlanke ló ń tì kiri ọjà. Òun àti ọmọ Kàtsínà kan ni wọ́n jọ du ẹrù oníbàárà. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, ló bá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu. Ètè ọmọ yẹn là, ẹ̀jẹ̀ bo àyà aṣọ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kúbwà, ọ̀dọ̀ mi ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní òun jẹ̀bi. Mo ti ń ṣírò lọ́kàn mi iye tí a máa dá jọ fún owó ìtanràn, àmọ́ adájọ́ gba ibòmíràn yọ. Ó ní dípò ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, kó máa gbálẹ̀ kó sì máa kó gọ́tà ní àyíká kóòtù àti ọjà fún oṣù méjì, wákàtí mẹ́ta láràárọ̀, kó sì san owó ìtọ́jú ẹni tó lù. Akọ̀wé kóòtù gbójú sókè, ó béèrè pé, “Ta ni yóò dúró fún un?”

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá kan tó ń ta àmàlà lẹ́yìn gáréèjì ló dìde. Wọ́n bi í pé kí ló jẹ́ sí ọmọ yìí. Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo bí i, sà. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun láti ọjọ́ tó ti dé Àbújá. Bó bá sá, ẹ wá mú mi.”

Ìbéèrè akọ̀wé yẹn ni mo gbé wálé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé nǹkan tuntun ni ìdájọ́ tí kì í la ẹ̀wọ̀n lọ, pé òyìnbó ló ń kọ́ wa ní àánú. Mo wá a lọ wá a bọ̀, ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an ni àlejò láàárín wa. Ìbéèrè pé ta ni yóò dúró fún arúfin, ìyẹn ti wà kí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó dé.

Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Kí ẹ̀wọ̀n tó di ilé, irin ni. Àwọn bàbá wa mọ ẹ̀wọ̀n onírin, wọ́n mọ àbà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀daràn, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń há ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí mọ́. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ilé Ògbóni máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tí kò sí nínú àṣà wọn ni kí wọ́n ní kí èèyàn lọ jókòó sínú ilé kan fún ọdún méje kí ìlú sì máa bọ́ ọ. Bí ẹjọ́ bá tán, ẹni tó jẹ̀bi á san ìtanràn, á dá ohun tó jí padà, tàbí kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ti apààyàn, ikú ni. Mi ò ní pọ́n ayé àtijọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ta àwọn arúfin mìíràn sóko ẹrú, bí arúfin bá sì sá, wọ́n lè mú ẹbí rẹ̀ dípò rẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí kò la ẹ̀mí lọ, baálé ló máa ń dìde pé òun dúró fún ọmọ agboolé òun. Òwe tó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà láàárín rẹ̀: lẹ́yìn tí kóòtù dé ni wọ́n pa á, àwọn tó pa á sì mọ ohun tí wọ́n pàdánù.

Ìwọ̀fà náà wà. Gbèsè ni wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìwọ̀fà á jí lọ sóko olówó, á kọ ebè tirẹ̀, bó bá ṣe tán á padà sílé ara rẹ̀. Èlé lásán ni iṣẹ́ yẹn sì ń san, owó tí wọ́n yá ṣì wà lọ́rùn, ìyà ńlá nìyẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Síbẹ̀, nígbà tí mo rí ọmọ ọlọ́mọlanke wa tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tó sì ń padà wá jẹ àmàlà lọ́sàn-án, ìwọ̀fà ló wá sí mi lọ́kàn.

Ní 1872 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street sí Èkó, fún nǹkan bí 300 èèyàn. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká. Ní Òkè Ọya, àwọn ọba ibẹ̀ ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀. Gidan yari ni àwọn Hausa ń pè é, ilé Yari, nítorí Yari ni orúkọ oyè olórí àwọn tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó fi tirẹ̀ kún un ni. Bí ọgbà ìjọba àpapọ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ṣe jọ ń rìn nìyẹn títí di 1968, tí wọ́n fi da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ yẹn la ṣì ń lò. Ọgbà Suleja tí kò jìnnà sí wa níbí wà láti ayé òyìnbó. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 2024, òjò ńlá wó apá kan rẹ̀, ó kéré tán, ẹlẹ́wọ̀n 118 ló gba ibẹ̀ sá.

Ibi tí ọ̀nà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í là nínú òfin àwọn òyìnbó dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí kì í ṣe adájọ́ ló là á, kì í sì í ṣe gómìnà. Oníbàtà ni. John Augustus ni orúkọ rẹ̀, nílùú Boston, Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ 1841, ó jókòó ní kóòtù nígbà tí wọ́n mú ọkùnrin kan wọlé tí ọtí ti bà jẹ́. Oníbàtà sún mọ́ ọn, ó bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ṣèlérí pé bí wọ́n bá yọ òun nínú ẹ̀wọ̀n, òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́ láyé. Augustus dìde, ó dúró fún un. Adájọ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà, ìrísí ọkùnrin náà ti yí padà pátápátá. Sẹ́ǹtì kan ṣoṣo ni adájọ́ bù fún un, pẹ̀lú owó kóòtù. Gbogbo rẹ̀ kò pé dọ́là mẹ́rin. Ẹ̀wọ̀n fò ó.

Augustus kò dúró lórí ẹnì kan. Kó tó kú ní 1859, ó ti dúró fún èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ó ń wá iṣẹ́ fún wọn, ó ń wá ilé fún wọn, kò sì gba owó oṣù kankan. Inú àwọn òṣìṣẹ́ kan kò dùn sí i, nítorí pé owó ń wọlé fún wọn lórí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rán lẹ́wọ̀n. Ní 1878, ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ irú iṣẹ́ tó ṣe di òfin, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó ń ṣe é. Ní 1907, òfin bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ti iṣẹ́ ìlú gan-an, ìyẹn kí arúfin fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, 1972 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í sínú òfin: wákàtí 40 ó kéré tán, 240 ó pọ̀ jù. Ní Áfíríkà, Zimbabwe ló kọ́kọ́ mú un lọ́kùn-únkúndùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọgbà wọn kún àkúnya. Ní 1997, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé nílùú Kadoma níbẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣáájú ìyẹn, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gba àwọn ìlànà kan wọlé ní oṣù kejìlá 1990, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Tokyo pè, pé kí ẹ̀wọ̀n jẹ́ ohun tí a máa kàn gbẹ̀yìn.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọdé ni òfin kọ́kọ́ rántí. Òfin àwọn ọmọdé ti 1943 ti gba kóòtù láàyè láti fi ọmọ tó ṣẹ̀ sábẹ́ ojú ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Òfin 1960 ló mú ilé àtúnṣe fún àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 sí 21 wá. Ó wà ní Kàdúná, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta títí dòní, wọ́n ń kọ́ wọn níwèé, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́. Àgbàlagbà tó bá jí adìyẹ kì í sábà rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn ló sábà máa ń jẹ́, bí kò bá sì rówó, ẹ̀wọ̀n náà ni.

Èkó fi òfin tirẹ̀ ṣáájú ní 2007. Ní oṣù karùn-ún 2015, ó ku díẹ̀ kí Goodluck Jonathan kúrò nípò, ó fọwọ́ sí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tó de Àbújá àti àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀. Mo ka òfin yìí bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé. Ó ní kóòtù lè rán arúfin níṣẹ́ ìlú: kó gé koríko, kó fọ gọ́tà, kó tún ibi tí gbogbo ayé ń lò ṣe, tàbí kó ṣiṣẹ́ oko. Kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí márùn-ún lọ lóòjọ́, kó sì sún mọ́ ilé rẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹni tó lo ohun ìjà, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, àti ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ, kò sí nínú rẹ̀. Òfin náà sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: kí ọgbà ẹ̀wọ̀n lè fúyẹ́, kí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré má sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ọkàn wọn ti yigbì.

Ibẹ̀ ni mo ti bá onídùúró pàdé. Arúfin gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá, ìbátan rẹ̀ tàbí ẹni iyì mìíràn tó ní ohun lọ́wọ́, tí yóò wá a jáde bó bá sá. Bí onídùúró kò bá rí i mú wá, 100,000 náírà ni owó ìtanràn rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Baálé la padà sílé lọ mú yìí! Ṣùgbọ́n òfin náà fi ohun méjì tún ọ̀rọ̀ baálé ṣe. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn dípò ẹni tó ṣẹ̀, kí ìyá má lọ sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ọmọ tó sá. Lórí béèlì, ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ sọ fún obìnrin pé kò lè ṣe onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Mo mọ ìgbà tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ìyá wa pé kí wọ́n lọ pe ọkọ wọn wá.

Ní oṣù kẹjọ 2019, Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà, tó sì là á sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún àwọn tó wà nínú ọgbà, ìkejì fún àwọn tí ìdájọ́ wọn kò mú wọn wọ ọgbà. Lábẹ́ ìkejì yìí ni iṣẹ́ ìlú wà, àti ìtúsílẹ̀ ṣáájú ọjọ́, àti kí arúfin àti ẹni tó fara gbá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jókòó pọ̀ kí wọ́n pẹ̀tù sí i. Lórí rédíò Hausa, gidan gyaran hali ni wọ́n ń pe ọgbà náà báyìí, ilé títún ìwà ṣe. Àwa Yorùbá ṣì ń pè é ní ẹ̀wọ̀n, irin àtijọ́ yẹn. Ní 2023, wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe kí àwọn ìpínlẹ̀ náà lè ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn.

Ó wá yẹ kí ọgbà ti máa fúyẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2023, Olubunmi Tunji-Ojo, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, wá sí ọgbà Kuje níbí láti bẹ̀rẹ̀ ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n 4,068 káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn tí kóòtù bu owó fún tí wọn kò rí i san. 585 mílíọ̀nù náírà ni àwọn aláàánú dá jọ fún un. Mo pín in: kò pé 150,000 náírà lórí ẹnì kan. Ọdún kẹjọ rèé tí òfin iṣẹ́ ìlú ti wà nígbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣì wà látìmọ́lé nítorí iye owó fóònù kan. Iṣẹ́ ìlú kò sì lè gba ẹni tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú ọgbà wa.

Ọmọ ọlọ́mọlanke wa ṣe oṣù méjì rẹ̀ pé. Aago méje ló máa ń débẹ̀, á buwọ́ lùwé, á mú ìgbálẹ̀. Àwọn àárọ̀ mìíràn wà tí kò sí ẹni tí yóò mú ìwé jáde fún un, á jókòó sórí pèpéle títí wọn ó fi dé. Ṣọ́bìrì kò sí rárá. Ìyá alámàlà ló ra ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá wà nínú gọ́tà, ó á fa fìlà bojú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ Kàtsínà yẹn gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù. Àpá ètè rẹ̀ ṣì pupa. Ó dúró, ó wò ó, ó yọ omi inú ọ̀rá kan láti inú báàgì, ó jù ú sí i. Tiwa gbé e, ó fi eyín ya á, ó mu ún. Ọ̀rọ̀ kankan kò ti ẹnu wọn jáde.

Ohun tó kù mí kù ni pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ìyá yẹn kò dìde lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní Àbújá ni kò ní baálé níbí. Yàrá tí mẹ́fà ń sùn ni wọ́n ń gbé, wọn kò mọ orúkọ onílé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé wa. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa gbè lẹ́yìn oníjàgídíjàgan, a sì fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn a fẹnu kò pé a ó ya 100,000 náírà sọ́tọ̀ sí báńkì, a ò ní fọwọ́ kàn án fún òkú tàbí ìgbéyàwó, a ó sì yan èèyàn mẹ́ta tí wọn ó máa lọ dúró ní kóòtù. Obìnrin ni méjì nínú wọn. Ìyá alámàlà ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì ní kí n kọ nọ́ńbà òun sára ògiri ilé ìpàdé, kí ó tóbi.