Kì í ṣe igi robusta ló ba kọfí Vietnam jẹ́

Bí kọfí bá korò bí ewúro, tó sì ń rùn bí àpò ìdọ̀họ tí òjò pa, kíá ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi náà ru igi: "Robusta ni, kò lè dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ." Irú igi kọfí méjì ni wọ́n ń gbìn jù láyé: arabica àti robusta. Vietnam ló ń gbin robusta jù láyé, òun sì ni ẹ̀gàn yìí ń bá jù. Ẹ̀gàn náà kò tọ́.

Òótọ́ ni pé robusta korò ju arabica lọ. Kafeini, èròjà tó ń lé oorun, tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica, ó sì wà lára ohun tí igi náà fi ń lé kòkòrò. Ṣùgbọ́n òórùn èébu ńkọ́? Adùn tó ń fa ahọ́n pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ńkọ́? Ọwọ́ ènìyàn ló fà á.

Áfíríkà ni igi yìí ti wá. Àrùn ìpẹtà ewé bẹ́ sílẹ̀ ní Sri Lanka ní 1869, ó tàn dé Java, erékùṣù kan ní Indonesia, ó sì run arabica oko ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí 1900 ni wọ́n kó robusta láti Congo lọ síbẹ̀, torí pé ìpẹtà kì í tètè mú un, ó sì ń so wọ̀ǹtìwọnti. Púpọ̀ ni wọ́n ń wá lára rẹ̀ láti ìgbà náà, wọn kò béèrè adùn. (Robusta ni ọ̀pọ̀ kọfí Togo àti Nàìjíríà náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.)

Ẹ wo ẹ̀ka kan ní Đắk Lắk, ìpínlẹ̀ oníkọfí kan ní Vietnam, ní oṣù kọkànlá. Èso tútù, pupa, àti èyí tó ti gbẹ dúdú ló jọ so pọ̀, nítorí òdòdó rẹ̀ kì í tanná lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbẹ̀ á tẹ́ tapólì sábẹ́ igi, á sì họ gbogbo ẹ̀ka náà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ: owó alágbàṣe wọ́n, olè ń ká a lóru, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì ń san iye kan náà fún pupa àti tútù. Èso tútù yẹn ló ń fa ahọ́n pọ̀. Ẹ fi ìka méjì fún èso tó pọ́n, hóró rẹ̀ á yọ̀ jáde. Tútù kò ní jẹ́.

Èso tó bá sùn nínú àpò mọ́jú á gbóná, á sì kan. Ọjọ́ tí wọ́n ká a ni kí wọ́n dà á sómi, kí wọ́n gbọ́n èyí tó léfòó dànù. Orí àtẹ ni kí wọ́n sá a sí, kì í ṣe orí erùpẹ̀. Kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 4, kí wọ́n máa yí i lọ́sàn-án, kí wọ́n bò ó lálẹ́. Bó bá ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú èèpo nígbà tí a mì ín létí, ó ti ń gbẹ nìyẹn. Omi inú hóró gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bu nínú àpò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ ayankọfí tún ń yan án dúdú bí èédú, pẹ̀lú bọ́tà àti ṣúgà. Ìkorò iná nìyẹn.

Ní Karnataka ní Íńdíà, wọ́n ń bó èèpo èso pupa, wọ́n sì ń fọ omi yíyọ̀ ara hóró kúrò kí wọ́n tó sá a. Èyí tó dáa jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń tà lórúkọ Robusta Kaapi Royale. Irú igi kan náà ni. Ẹ yan án níwọ̀n, ẹ má jẹ́ kó dúdú, kí ẹ sì mu ún láìfi mílíìkì sí i: adùn ṣokoléètì àti ẹ̀pà yíyan ló máa ń kù lẹ́nu.