Ìdí Tí Fóònù Fi Ń Kú Nígbà Tí Bátìrì Ṣì Wà Ní 30

Ìsọmọlórúkọ ń lọ lọ́wọ́, bátìrì fóònù wà ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ni ín ṣí kámẹ́rà, fíláàṣì tàn, ojú fóònù sì ṣókùnkùn. Wọ́n fi ṣájà sí i, ó jí, 27 ló kọ síbẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn, ìṣirò ni. Fóònù kò lè yọjú wo inú bátìrì bí a ṣe ń yọjú wo inú kẹ́ẹ̀gì epo. Iye iná tó wọlé àti iye tó jáde ló ń kà, tó wá ń fi wé iye tó gbà pé bátìrì náà lè gbà. Àmọ́ bátìrì ń gbó. Bí ìṣirò kò bá gbó tẹ̀lé e, irọ́ ni nọ́ńbà náà ń pa.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń pa fóònù. Bí bátìrì bá ti gbó, ara rẹ̀ á le, iná kì í fẹ́ tètè jáde mọ́. Ẹ wo páìpù tí ìpẹtà ti dí láàárín. Omi kún táǹkì o. Ṣí ẹ̀rọ díẹ̀, omi á máa sun. Ṣí ti ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ pọ̀, kò ní lágbára mọ́. Ẹni tó ń ka WhatsApp, díẹ̀díẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ń mu iná. Kámẹ́rà, fíláàṣì àti ọpọlọ fóònù (processor) ló máa ń gbé e mì gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà. Volt bátìrì, ìyẹn agbára tó fi ń ti iná jáde, á já wálẹ̀, fóònù á sì pa ara rẹ̀ kí nǹkan má bàa bàjẹ́. Òtútù tún ń dá kún un: fóònù tó kú ní òpópónà Chicago nígbà òtútù lè jí bí wọ́n bá ti gbé e wọlé.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Apple gbé iOS 10.2.1, ẹ̀dà tuntun ètò tó ń darí iPhone, jáde. Ó ń dín eré ọpọlọ àwọn iPhone 6 àti 6s tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má bàa gbé iná mì jù. Ọgbọ́n gidi ni. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọn kò là á yé àwọn tó ni fóònù. Ọ̀pọ̀ rò pé fóònù ti darúgbó, wọ́n lọ ra òmíràn. Ìgbà tó di oṣù Kejìlá, tí ẹnì kan pààrọ̀ bátìrì 6s rẹ̀ tó sì rí i pé eré rẹ̀ padà, tí John Poole tó ṣe Geekbench, áàpù tí wọ́n fi ń dán eré fóònù wò, náà gbé àbájáde ìdánwò tirẹ̀ síta, ni Apple tó jẹ́wọ́. Wọ́n dín owó ìpààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29. Ní 2020, ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn.

Láti iOS 11.3 ni ojú ibi tí wọ́n ti ń wo ìlera bátìrì ti wà nínú iPhone, ní abẹ́ Battery nínú Settings. Bí fóònù bá ti ń lọ́ra nítorí bátìrì, ibẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá sì fi bátìrì tuntun sí i, ìdènà náà á kúrò fúnra rẹ̀, eré fóònù á padà.