Ẹ má kọ́ ọmọ pé “jù” ni àmì àròpọ̀

Ẹ fún ọmọ tó mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò dáadáa ní ìṣirò yìí: “Bọ́lá ní ìwé 8. Ìwé Bọ́lá fi 3 ju ti Adé lọ. Ìwé mélòó ni Adé ní?” Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn kíákíá pé 11. Wọn ò ṣi ìṣirò ṣe o, torí 8 àti 3 jẹ́ 11 lóòótọ́. Wọ́n rí “jù,” wọ́n sì rò ó pọ̀, nítorí bí àwa àgbà ṣe kọ́ wọn nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ yẹn. Nínú ìbéèrè tó rọrùn ó máa ń bọ́ sí i, ewu rẹ̀ gan-an sì nìyẹn: ọmọ á máa gba máàkì, á sì gbà pé kò sídìí tóun fi gbọ́dọ̀ ka ìbéèrè dópin.

Ìṣirò ìfiwéra le fún ọmọdé nítorí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ní “mo ní 5, wọ́n fún mi ní 3 sí i,” ọmọ lè fojú inú rí i, ó lè fọwọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ti Bọ́lá àti Adé, ẹnikẹ́ni ò fúnni, ẹnikẹ́ni ò gbà. 3 tí wọ́n dárúkọ yẹn kì í ṣe ìwé tí Bọ́lá tọ́jú lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tirẹ̀ àti ti ẹlòmíì ni. Àwọn ọmọ kékeré kan tiẹ̀ máa ń gbọ́ ọ bíi pé ìwé 3 ni Bọ́lá ní.

Ní 1983, Tom Hudson gbé ìwádìí kan jáde. Ó fi àwòrán ẹyẹ àti ekòló han àwọn ọmọdé. Nígbà tó bi wọ́n pé mélòó ni ẹyẹ fi ju ekòló lọ, nǹkan bí 25 péré nínú 100 àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló gbà á. Ó wá yí ìbéèrè náà padà: bí gbogbo ẹyẹ bá sáré lọ mú ekòló kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ mélòó ni kò ní rí mú? Nǹkan bí 96 nínú 100 ló gbà á. Irú àwòrán kan náà ni, iye kan náà ni.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ to ìdérí ìgò pupa 7 sí ìlà kan, kí ẹ to funfun 4 sí abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ẹ bi ọmọ pé pupa mélòó ni kò ní ẹnì kejì. Tó bá ti sọ pé 3, ẹ bi í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Mélòó ni pupa fi ju funfun lọ?” Á gbọ́ ìbéèrè méjèèjì pọ̀, á sì rí i pé ìdáhùn kan ni wọ́n ní.

Tí èyí bá ti mọ́ ọn lára, ẹ gbé e bọ́ sórí ìwé: ọ̀pá gígùn kan, kúkúrú kan lábẹ́ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń lo irú àwòrán yìí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Singapore. Kí ọmọ tó ya ohunkóhun, ẹ bi í pé, “Ta ló ní jù?” Kò gbọ́dọ̀ dárúkọ iye kankan, orúkọ nìkan ni kó dá. Bọ́lá ló ní jù, nítorí náà ọ̀pá Adé ló máa kúrú. Ọmọ tó ti ya èyí á rí i fúnra rẹ̀ pé ti Adé ò lè jẹ́ 11.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó yí gbólóhùn náà padà: ìwé Adé fi 3 dín sí ti Bọ́lá. Èmi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fo ibí yìí, nítorí ọmọ tó lè sọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni méjèèjì ti mọ ohun tí ìṣirò náà ń bèèrè. Ẹ wá dán an wò: “Adé ní bíró 6. Bíró Adé fi 4 dín sí ti Bọ́lá. Mélòó ni ti Bọ́lá?” Bó bá sọ pé 2, ẹ má tíì ní ó kùnà. Ẹ ní kó ya ọ̀pá méjèèjì, kó sì fi ti Bọ́lá hàn yín.