Kì í ṣe eégbọn ni lékeléke ń bá kiri

Bí agbo màlúù bá ń kọjá lọ́nà Kétu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lékeléke kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé eégbọn ló wá ṣà jẹ lára màlúù. Ó máa ń ṣà á lóòótọ́, ó sì máa ń mú eṣinṣin, àmọ́ ìpápánu nìyẹn. Ilẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an wà: tata, ìrẹ̀, alángbá kéékèèké, àti ọ̀pọ̀lọ́ nígbà òjò. Bí pátákò màlúù bá ti gbo koríko, tata á ta sókè, lékeléke á sì gbé e. Ìdí nìyí tó fi fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, nítòsí ẹnu tó ń jẹko. Bí màlúù náà bá dùbúlẹ̀, ẹyẹ á ṣí lọ bá èyí tó ń rìn. Bó ṣe ń tẹ̀ lé katakata nìyẹn, tó sì ń dúró létí iná tí wọ́n bá ń sun igbó. Kí darandaran má torí lékeléke pa oògùn eégbọn tì o.

Ní nǹkan bí ọdún 1877 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Fúnra rẹ̀ ló fò rékọjá òkun, pápá màlúù ibẹ̀ ló sì jẹ́ kó rí ibi dúró sí.

Ẹ ṣọ́ ọ nígbà tó bá ń dọdẹ. Ara rẹ̀ á dúró gbagidi, orí àti ọrùn nìkan ni yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lójijì, yóò sáré ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta, á na ọrùn wàì, kòkòrò ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo ẹyẹ funfun kọ́ ni lékeléke. Lékeléke gùn tó sẹ̀ǹtímítà 46 sí 56, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í ju bí ìdajì kílò lọ: adìẹ ìbílẹ̀ wúwo jù ú. Àgógó rẹ̀ kúrú, ó ki, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ìyeyè. Lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ óò rí èyí tí àgógó àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan rí bí ìyeyè. Ẹ óò tún rí èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí gbogbo ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan. Apẹja ni àwọn méjèèjì. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ń ká sẹ́yìn kì í ṣe orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún wà lókè, ìyẹ́ bò ó.

Àwọn ọmọ wa máa ń na ìka sí i bó bá ń fò lọ, pé kó fún àwọn ní èékánná funfun. Èékánná tirẹ̀ alára tó wò. Etí èékánná ìka àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ kan wà láyà rẹ̀ tí orí rẹ̀ máa ń fọ́ di ìyẹ̀fun. Yóò fi ìyẹ̀fun yìí para, yóò sì fi òòyà yẹn ya ẹrẹ̀ àti ọ̀rá kúrò. Bó ṣe ń funfun báláú láàárín eruku màlúù nìyẹn.

Bí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba ìhà àríwá lọ yé ẹyin. Nígbà náà, àwọ̀ pupa rúsúrúsú á yọ lórí, láyà àti lẹ́yìn wọn, àgógó àti ẹsẹ̀ á sì pupa. Kì í ṣe àìsàn. Takọtabo ló jọ ń sàba fún bí ọjọ́ 24, ọmọ á sì fò ní bí ọjọ́ 30.

Igi tí wọ́n ń sùn sí ló ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí ìgbẹ́ wọn ń rùn, ó sì ń jó ewé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé àáké. Ẹ bo kànga tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé omi ẹran kúrò níbẹ̀.

Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sóko òwú ló burú jù. Tata tí oògùn bá ti mú kì í lè fò dáadáa mọ́, òun sì ni lékeléke á kọ́kọ́ gbé. Bí agbo bá wọ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, ẹyẹ á bá wọn wọ̀ ọ́. Ẹ dá màlúù dúró títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn yóò fi pé.