Ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ ehoro ìgbẹ́ tí wọ́n ṣèèṣì rú ibùsùn rẹ̀

Ọmọ ehoro ìgbẹ́ tí àgbẹ̀, bíríkìlà tàbí awakọ̀ katakata bá ṣèèṣì tú ibùsùn rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọmọ òrukàn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, inú oko ẹ̀gẹ́, inú ìgbòrò tí ewé Akíntọ́lá ti bò, àti orí ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣán láti kọ́lé ni wọ́n ti sábà máa ń bá a pàdé. Ìrànlọ́wọ́ tó dára jù lọ ni kí wọ́n dá ọmọ náà padà síbi tí wọ́n ti bá a, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀ kíákíá, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò jìnnà, alẹ́ ló ń retí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ehoro tó ń kú lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ọwọ́ ẹni tó gbé e relé láti tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń kú sí, bẹ́ẹ̀ àánú gidi ló ṣe onítọ̀hún.

Ehoro ìgbẹ́ àti ehoro àgò

Ehoro tó ń gbé inú ìgbẹ́ nílẹ̀ Yorùbá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń sìn nínú àgò. Ti ìgbẹ́ ni Lepus victoriae, tí àwọn ìwé àtijọ́ kan ń pè ní Lepus crawshayi. Etí rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju ti iwájú lọ dáadáa, òkè ìrù rẹ̀ dúdú, abẹ́ rẹ̀ sì funfun. Òru ló ń jẹun. Pápá, oko àti ibi tí igi kò ti ṣú ló bá a lára mu, nítorí náà igbó kìjikìji bí igbó ọba Omo, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí J4, kì í ṣe ibi tó yẹ kí èèyàn ti máa wá a. Etí oko, ojú ọ̀nà oko àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi ni tirẹ̀.

Ti àgò ni Oryctolagus cuniculus, ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ó ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 31, ó ń fa irun ikùn ara rẹ̀ tu láti fi tẹ́ ibùsùn, ọmọ tó ń bí kò ní irun lára, ojú rẹ̀ sì ń dì títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Ehoro ìgbẹ́ ń gbé oyún tirẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 42, ọmọ kan sí mẹ́ta ló sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ìhòòhò kọ́ ni ọmọ yẹn ń wáyé. Irun ti bo gbogbo ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ti là, kì í sì í pẹ́ kó tó lè tọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá kì í gbẹ́ ihò fún un. Ìdí koríko ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi jìn díẹ̀ bí inú àwo pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ló sì ń bímọ sí.

Ó yẹ kí èyí yé èèyàn dáadáa kó tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn náà jẹ́ ti Sylvilagus floridanus, ehoro kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò sí ní Áfíríkà rárá. Èyí ń bí ọmọ tí kò lójú, tí kò nírun, sínú kòtò kékeré tó fi koríko gbígbẹ àti irun ara rẹ̀ bò, àwọn ọmọ náà sì ń kúrò nínú kòtò yẹn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú tó bá ń wá irú kòtò bẹ́ẹ̀ kò ní rí i. Ọmọ ehoro kan ṣoṣo tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ koríko láìsí ìtẹ́, láìsí ìyá, láìsí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, bó ṣe yẹ kó wà gan-an ló wà yẹn.

Bí ìyá ṣe ń fún un lọ́mú

Ìyá ehoro ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀ nípa jíjìnnà sí i. Ara ìyá ní òórùn tó pọ̀ ju ti ọmọ lọ, bó bá sì jókòó tì í, ajá, ẹtà àti àwọn ẹran mìíràn tó ń fi imú ṣọdẹ á tètè débẹ̀. Ehoro àgò pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló sábà máa ń fún ọmọ lọ́mú, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Lára Lepus europaeus, ehoro ìgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí àwọn onímọ̀ ti ṣọ́ dáadáa, àwọn ọmọ máa ń wà pọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á fọ́n ká, kálukú á wá ibi tó máa sá pamọ́ sí. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á padà wá síbi tí wọ́n ti bí wọn, ìyá á dé, á fún gbogbo wọn lọ́mú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á tún túká. Wàrà ehoro ki gan-an, ọ̀rá àti èròjà afáralókun inú rẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju ti màlúù lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fi tó.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, ọmọ náà kì í sá. Á tẹ etí mọ́ ẹ̀yìn pẹẹrẹ, á fi ìgbáròkó tẹ ilẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ rokoṣo láìṣẹ́jú, ìhà rẹ̀ nìkan ni èèyàn á rí tó ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí. Àdá lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má mira. Àwọn kan ń rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí pé ara rẹ̀ kò yá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là ló ń ṣe.

Ìgbàgbọ́ kan wà káàkiri pé bí ọwọ́ ènìyàn bá kan ọmọ ẹran, ìyá kò ní gbà á mọ́. Fún ehoro, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sin ehoro àgò mọ̀ pé èèyàn lè gbé ọmọ láti ibùsùn kan sí òmíràn kí ìyá sì tún fún un lọ́mú. Kódà wọ́n máa ń fi ọmọ abiyamọ tó kú sábẹ́ abiyamọ mìíràn tí ọmọ tirẹ̀ kò jù wọ́n lọ púpọ̀. Wàhálà tó wà nínú ọwọ́ ènìyàn ni ìpayà tó ń kó bá ọmọ náà, àti ipa ẹsẹ̀ tí èèyàn ń fi sílẹ̀, tí ajá lè tẹ̀ lé dé ìdí ibùsùn.

Ohun tó ń rú ibùsùn

Ìgbà tí ewu pọ̀ jù ni láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí wọ́n ń ṣán oko, tí wọ́n ń sun ún, tí wọ́n sì ń kọ ẹbè. Katakata burú ju àdá lọ, nítorí pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò lè rí ohun tó wà lábẹ́ koríko. Ní Rẹ́mọ, ilé, ilé iṣẹ́ àti ọ̀nà tó ń pọ̀ sí i ní ìhà Ṣágámù, títí dé pápá ọkọ̀ òfurufú tó wà ní agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ti sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko di ilẹ̀ tí katakata ń gé láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Iná ló ń pa jù. Ibi tí wọ́n bá ti tan iná yí ìgbẹ́ ká, ọmọ ehoro tí àdámọ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ kò ní ọ̀nà àbáyọ. Kò ná àgbẹ̀ ní nǹkan kan láti fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìfiná sí, kí iná sì máa bọ̀ láti ìhà kan ṣoṣo. Bákan náà ni fún ṣíṣán: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín oko, kí wọ́n máa bọ̀ síta, kí ẹran tó bá lè rìn rí ìgbẹ́ wọ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín ni gbogbo wọn á kó jọ sí, ibẹ̀ ni àdá á sì bá wọn.

Bí a ṣe ń dá a padà

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, kí wọ́n sì de ajá ọdẹ tàbí ajá ilé mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹnì kan ṣoṣo wo ọmọ náà, kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà lóko. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ́, tí ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò nílò ìtọ́jú kankan. Kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́, ọ̀rá tàbí ewé tútù gbé e, kí wọ́n fi í sí ojú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì fa koríko bò ó díẹ̀ kí oòrùn má bàa pa á. Bí ibẹ̀ bá ti jóná tàbí tí katakata ti yí i po, ìdí koríko tó sún mọ́ ọn jù lọ ni kó lọ, tí kò ju ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan lọ. Bí wọ́n bá gbé e kọjá sí oko ẹlòmíràn torí pé ibẹ̀ tutù, ìyá kò ní mọ ibi tó lọ. Bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ, tí wọ́n sì bá wọn níbi tó jìnnà síra, kí wọ́n má ṣe kó wọn jọ. Kálukú ti mọ ibi tó sá pamọ́ sí.

Oko kò ṣeé dá dúró lọ títí, pàápàá bí lébìrà bá ti gba owó àgbàṣe. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n fi ìdí koríko díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, kí wọ́n sì ri igi mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n so nǹkan mọ́ ọn bí àalè, kí ẹni tó bá dé lọ́jọ́ kejì má fi àdá kàn án. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ọmọ náà á ti lè gbé ara rẹ̀ kúrò.

Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ta òwú lọ́nà àgbélébùú sórí kòtò ehoro tiwọn, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òwú ti yẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ìyá ti wá. Ó wúlò fún kòtò tó ní ìbòrí. Ọmọ ehoro ìgbẹ́ ibí, tí ó lè dìde rìn fúnra rẹ̀, á tú òwú yẹn ká láìjẹ́ pé ìyá dé, torí náà àmì òwú lè tan èèyàn. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti ọ̀ọ́kán: bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tàbí irun tó fọ́n ká, ó ti lọ síbi tó yẹ. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, tí ikùn rẹ̀ yó, tí awọ rẹ̀ kò hunjọ, ìyá ti fún un lọ́mú. Ṣíṣọ́ ọ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú kò dára, ìyá kò ní wá síbi tó bá ti gbúròó ènìyàn.

Èyí tó nílò ìtọ́jú

Àwọn àmì wà tó fi hàn pé dídá padà nìkan kò tó: ọgbẹ́ àdá, egungun tó ṣẹ́, ẹyin eṣinṣin tàbí ìdin lára, ìjàlọ tó ti bò ó, ara tútù, awọ ẹ̀yìn ọrùn tó dúró gangan nígbà tí wọ́n fà á sókè, tàbí òkú ìyá nítòsí. Ọmọ tí ológbò bá ti fi ẹnu gbé pẹ̀lú wà lára wọn kódà bí ojú ọgbẹ́ kò bá hàn, nítorí pé kòkòrò àrùn inú itọ́ ológbò lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí kò bá rí oògùn lò.

Irú èyí yẹ kó wọ inú páálí tó ní ihò atẹ́gùn, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ nísàlẹ̀. Kí wọ́n bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò oníke, kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọmọ náà lè sún mọ́ ọn tàbí kúrò níbẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn, tó dákẹ́, tí rédíò àti àwọn ọmọdé kò sí, ni kí páálí náà wà. Ìpayà nìkan lè pa ehoro. Lẹ́yìn èyí, dókítà ẹran ló kù. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ẹran, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹran tó ti pẹ́ gan-an; ọ̀nà méjèèjì kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Wàrà àti oúnjẹ

Wàrà màlúù, ìbáà ṣe ti inú agolo tàbí oníyẹ̀fun, kò yẹ fún ọmọ ehoro. Kò ki tó, ó sì máa ń da inú rẹ̀ rú. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀ lé e, omi ara á sì gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá tún fi ipá ta á sí i lẹ́nu nígbà tó ń nà gbalaja, wàrà á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọmọ tó tutù kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun kí ara rẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ti ọmọ ehoro àgò tí kò tíì lajú, lílá tí ìyá ń lá abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè tọ̀, ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fún un ní wàrà kò mọ̀.

Àwọn kan ń gbé ehoro ìgbẹ́ sínú àgò pẹ̀lú ehoro òyìnbó pé yóò tò mọ́ wọn. Kò lè gùn pẹ̀lú wọn, ẹ̀yà wọn kò jọ mọ́ra, ó sì máa ń fi orí gbá irin nígbà tí ẹ̀rù bá bà á títí yóò fi ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ọmọ ọ̀yà àti ọmọ òkété

Nínú oko Ìjẹ̀bú, ó ṣeé ṣe kí ohun tí àdá tú síta má jẹ́ ehoro rárá. Ọ̀yà, Thryonomys swinderianus, ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọmọ rẹ̀ sì ń wáyé pẹ̀lú irun lára àti ojú tó là bíi ti ehoro ìgbẹ́. Inú èèsún tàbí ẹ̀kan tó ṣù ni ìyá ń tọ́jú wọn sí. Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ sínú koríko tó kù, tí wọ́n sì kúrò níbẹ̀, ìyá lè padà kó wọn mọ́ra. Nítorí pé wọ́n ń sin ọ̀yà lágò káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn tó bá rí ọmọ rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ gbé e relé. Ọmọ tí kò tíì jáwọ́ lọ́mú kì í sábà yè é.

Òkété yàtọ̀. Inú ihò ló ń bímọ sí, ọmọ rẹ̀ kò nírun, ojú rẹ̀ sì ń dì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọkọ́ bá ṣí ihò náà, kí wọ́n kó àwọn ọmọ padà sínú apá tó kù, kí wọ́n fi ewé gbígbẹ bo ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n. Ní ọdún 2003, òkété wà lára àwọn ẹran tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà, tí àrùn mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox nígbà náà, sì ti ara wọn ran ẹran mìíràn àti ènìyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan òkété, ehoro tàbí ọ̀yà, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun lóko, bí wọ́n bá sì ti gé e jẹ tàbí fi èékánná ya á lára, kó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn.