Ìṣípòpadà Nítorí Iṣẹ́: Ta Ni Ó Ń Gbé Ga?

Ọ̀nà méjì ni òṣìṣẹ́ lè gbà tẹ̀lé iṣẹ́ tí kò sí nítòsí. Ó lè kó ẹrù, kí ó lọ fìdí kalẹ̀ sí ìlú tí iṣẹ́ wà. Ó sì lè fi ilé sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó máa rin ọ̀nà jíjìn, yálà lójoojúmọ́ bí àwọn tí ń ti Ṣàgámù tàbí Ọ̀tà wọ Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá tí ìdílé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá lè ṣí ni yóò tètè ga. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè kúrò nílùú kò ní ju àwọn agbanisíṣẹ́ ìlú náà lọ láti bá dúnàádúrà. Nígbà tí olú-ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń lé ipò ńlá mọ̀ pé Àbújá ni ipò náà wà. Síbẹ̀, kí a má ṣe sáré sọ pé ṣíṣí ló gbé ènìyàn ga. Àwọn tí ń ṣí sábà jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó kàwé, tí ó sì ní ìtara, irú àwọn tí ì bá tẹ̀síwájú bí wọn kò tilẹ̀ kúrò nílé.

Àṣeyọrí fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó oṣù àti ipò nìkan. Ìtẹ́lọ́rùn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrìn ojoojúmọ́ ti máa ń kùnà. Alois Stutzer àti Bruno Frey, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Switzerland, yẹ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Ohun tí a ń retí ni pé owó tí ó pọ̀ sí i tàbí ilé tí ó dẹjú yóò san àsanpadà fún wàhálà ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìrìn ẹni ṣe ń gùn sí i ni ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ ń dín kù.

Ohun tí ó wúwo jù lójú tèmi ni ti ẹnì kejì nínú ilé. Ní 1978, Jacob Mincer, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìdílé máa ń ṣí bí èrè ẹnì kan bá ju àdánù ẹnì kejì lọ. Ẹni tí kì bá tí lọ bí ó bá dá wà di ẹni tí ìdílé fà lọ. Ẹni tí ì bá lọ ṣùgbọ́n tí kò lọ di ẹni tí ìdílé dá dúró. Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta tí báńkì gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánò. Owó ọkọ lé sí i, orúkọ oyè rẹ̀ yí padà. Ìyàwó ní tirẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé aládàáni, níbi tí ọdún tí ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbéga tí ó ń retí lè má já mọ́ nǹkan kan. Bí a bá ka ìdílé náà pọ̀, ó jèrè. Bí a bá ka obìnrin náà nìkan, ó pàdánù, àdánù náà kì í sì í hàn nínú ìwé tí báńkì kọ sí ọkọ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa pàdánù báyìí ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ṣe ń yan ìrìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí iṣẹ́ méjèèjì lè dúró. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, owó tí a fi kún owó oṣù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó ilé kejì àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, kí a tó lè pe ohun tí ó ṣẹ́kù ní èrè.